Ẹ̀yin olùkọ́ páàtì-táìmù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ẹ máa ka wákàtí yín fúnra yín

Olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà sí iṣẹ́ páàtì-táìmù ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní adjunct, sábà máa ń gba owó ní iye kọ́ọ̀sì tó kọ́ ní sáà kan. Wákàtí tó fi dúró níwájú kíláàsì nìkan ló máa ń hàn nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́; èyí tó fi múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó fi máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó sì fi dáhùn íméèlì wọn lóru kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn, ó yẹ kí ó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ máa kọ ọjọ́, iṣẹ́ tí ẹ ṣe àti àkókò tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é gan-an. Ẹ ya wákàtí inú kíláàsì sọ́tọ̀, kí ẹ sì ya ìpàdé ẹ̀ka àti àkókò tí wọ́n ní kí ẹ fi gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ́fíìsì sọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí pé ìlànà tó ń ka iṣẹ́ yín ju ẹyọ kan lọ. Ní ti ìnṣọ́ránsì ìlera, òfin ọdún 2010 ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ sí òṣìṣẹ́ kíkún. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2014 sì gba kọ́lẹ́ẹ̀jì láàyè láti ka wákàtí 2.25 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì, kí wọ́n fi wákàtí ìpàdé àti ti ọ́fíìsì tó jẹ́ dandan kún un. Ní ti ètò tó ń pa gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ́ fún àwọn tó ń sin ará ìlú, láti oṣù Keje ọdún 2023 ni wọ́n ti ń ka wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po 3.35, ó kéré tán. Ẹni tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní 20.25 lábẹ́ ìlànà àkọ́kọ́, láìka ti ìpàdé, ó sì ní 30.15 lábẹ́ èkejì, èyí tó kọjá 30 tí ètò náà ń béèrè. Iṣẹ́ kan náà ni, àárẹ̀ kan náà sì ni. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bá jẹ́ ti ìjọba tàbí èyí tí kì í wá èrè, ẹ sọ fún ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n lo ìṣírò 3.35 yìí lórí fọ́ọ̀mù ìparẹ́ gbèsè yín. Ẹ má retí pé wọn yóò rántí fúnra wọn. Nínú ètò ìparẹ́ gbèsè yìí, wákàtí kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì tó tóótun ṣeé pa pọ̀.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá gbólóhùn tó ní wọ́n lè fagi lé kọ́ọ̀sì bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pọ̀ tó, kí ẹ sì béèrè bóyá wọn yóò san nǹkan kan fún ìmúrasílẹ̀ tí ẹ ti ṣe. Gbólóhùn yìí kan náà lè gbè yín níwájú àwọn tó ń san owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́, nítorí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní California dájọ́ ní 1989 pé iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ iye akẹ́kọ̀ọ́ àti owó tó bá wà kì í ṣe ìdánilójú pé olùkọ́ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní sáà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà. Nọ́ọ̀sì tàbí lọ́yà tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì kan lálẹ́ ní orúkọ iṣẹ́ mìíràn tó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta kí owó ilé tó pé kò gbọ́dọ̀ máa sọ pé òun kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ ni. Ẹ kọ oyè yín sínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ṣe pè é, ẹ to kọ́ọ̀sì àti ọdún tẹ̀lé e, kí ẹ sì ní kí ẹ̀ka fi orúkọ yín sí ojú-ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ olùkọ́ kíkún kan pé kó wá jókòó nínú kíláàsì yín, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìlànà ẹ̀kọ́ yín àti èrò akẹ́kọ̀ọ́ nípa yín kí sáà tó parí, nítorí wọ́n lè ti íméèlì yín pa nígbàkigbà.

Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà àdéhùn wọn, kí ẹ sì ka apá tó sọ bí wọ́n ṣe ń pín kọ́ọ̀sì àti bóyá ẹni tó ti pẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ti sáà tó kàn.