Bí Ẹni Tó Sanra Ṣe Lè Ṣe Eré Ìdárayá Nínú Yàrá Tí Ọ́síjìn Rẹ̀ Kéré

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò ju nǹkan bí 21 nínú 100. Nínú yàrá yìí, ẹ̀rọ á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 15, bó ṣe ń rí lórí òkè tó ga tó 2,500 mítà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọkàn á ṣiṣẹ́ gidi bí ẹsẹ̀ tilẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́, orúnkún kò sì ní jìyà púpọ̀. Àmọ́ ìwádìí kò tíì fẹnu kò pé ó ń jẹ́ kéèyàn fọn ju ìrìn ìta lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Aláboyún, ẹni tó lárùn ọkàn, ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun àti ẹni tí oògùn kò tíì ká ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Ẹni tó jẹ́ SS, kó má wọ̀ ọ́ rárá. AS náà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn lè tẹ̀ bíi dòjé níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré.

Eré ni ọ̀pọ̀ fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á wọlé, wọ́n á sì gbé ẹ̀rọ ìrìn sí eré tí wọ́n ń sá níta. Kò ní pẹ́ tí òòyì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù gan-an. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ó ti yá jù nìyẹn. Ẹ má fi eré yín wé ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ fi oximeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, há ìka, kí ẹ sì máa wò ó léraléra. Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì àti làálì kúrò, ẹ fọwọ́ ra ìka tó bá tutù. Ẹ̀rọ yìí lè ka ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú sókè ju bó ṣe wà lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kó já sí 80. Tó bá ti di 85, ẹ jáde. Bí ẹ̀fọ́rí tàbí àyà dídùn bá dé, ẹ má tiẹ̀ wo nọ́ńbà mọ́, ẹ jáde kíá.

Ìbòmú tí wọ́n ń tà pé ó jọ òkè gíga kò dín ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kù, mímí ló kàn ń mú le. Ẹ má fi nylon bo imú, ẹ má sì dáná èédú sínú yàrá. Ikú ni. Ẹni tí kò rí yàrá, kó rìn níta.

Ogún ìṣẹ́jú tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Tó bá ti mọ́ra, ẹ sún un dé wákàtí kan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń gún insulin, kó wọn ṣúgà rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jókòó síta díẹ̀ kí ẹ tó wa mọ́tò.