Git ò gbọ́ràn: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Sábó

Ìkòròdú ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń dáhùn lórí Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú fáìlì iṣẹ́, látàárọ̀ dalẹ́. Mo ti kọ wọ́n síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Ẹ̀gbọ́n, mo kọ git, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n.
Ṣé o ti fi Git sórí ẹ̀rọ náà? Bó o bá ti fi sí i, pa ojú ibi tó ò ń kọ àṣẹ sí dé, kó o tún un ṣí. Kọ `git --version`. Bí nọ́ńbà bá jáde, ó ti wà níbẹ̀.

Ó ní "not a git repository".
Inú fódà mìíràn lo wà. Fi `cd` wọ fódà iṣẹ́ rẹ. Bó ò bá tíì kọ `git init` níbẹ̀ rí, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Please tell me who you are".
Orúkọ rẹ ló ń béèrè. `git config --global user.name "Orúkọ Rẹ"`, kó o tún fi `user.email` ṣe bẹ́ẹ̀.

Páswọ́ọ̀dù GitHub mi tọ̀nà, ó ṣì ń kọ̀ ọ́.
GitHub ni ìkànnì tí a ń kó iṣẹ́ Git sí. Láti August 13, 2021 ni kò ti gba páswọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ Git mọ́. Lọ ṣe token, kóòdù gígùn tó dípò páswọ́ọ̀dù, nínú Settings GitHub, òun ni kó o fi sí ibi tó ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù. Kò ní hàn lójú kọ̀ǹpútà bó o ṣe ń fi sí i. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Má fi token rẹ ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni lórí WhatsApp, títí kan èmi.

Iná lọ. Nígbà tó dé, Git ní "object file is empty".
Èyí gba kí a jókòó. Ó ṣe èmi náà rí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì ni mò ń lò, mo ń kọ ètò ìṣirò ọjà fún ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bute. Bí mo ṣe tẹ `git commit`, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú ìtàn Git, báyìí, iná lọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, mi ò sì tíì push nǹkan kan, ìyẹn ni pé mi ò tíì fi í ránṣẹ́ sí GitHub. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n pa fódà `.git` rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọpẹ́ ni pé mi ò gbà, torí inú fódà yẹn ni gbogbo ìtàn iṣẹ́ wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Git ti fún kọ̀ǹpútà ní fáìlì láti kọ, ohun inú rẹ̀ ò sì tíì dé orí dísìkì tí iná fi lọ. Orúkọ fáìlì ló kù, inú rẹ̀ ṣófo.

Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà, pẹ̀lú `.git`, síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, nínú Git Bash, ojú ibi ìkọ àṣẹ tó ń bá Git wá lórí Windows, pa àwọn fáìlì tó ṣófo rẹ́:

`find .git/objects -type f -empty -delete`

Ibẹ̀ ni mo dúró sí lóru ọjọ́ kìíní, "bad object HEAD" ló sì ń sọ ṣáá. HEAD ni orúkọ tí Git ń pe commit tó o wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Oru kejì ni mo tó wo `tail -n 1 .git/logs/HEAD`. Nọ́ńbà gígùn méjì ló wà ní ìlà yẹn: ti commit àtẹ̀yìnwá, kí ti tuntun tó tẹ̀lé e. Ti tuntun ló bàjẹ́, torí náà mo mú ti àkọ́kọ́, mo sì kọ `git update-ref HEAD` pẹ̀lú nọ́ńbà náà láti dá HEAD padà sí commit yẹn. Mo wá kọ `rm .git/index`, mo fi `git reset` tẹ̀lé e, kí Git tún àkójọ fáìlì rẹ̀ ṣe. `git log` kó gbogbo commit ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jáde, ẹyọ ìkẹyìn nìkan ni kò sí. Àwọn fáìlì tí mo kọ lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú fódà, mo tún wọn commit. Orí àga ni mo sùn sí.

`git fsck --full`, àṣẹ tó ń yẹ ibi ìpamọ́ Git wò bóyá nǹkan bàjẹ́, ṣì ń pariwo lẹ́yìn gbogbo ìyẹn.
Dáwọ́ dúró. Bó o bá ti push tẹ́lẹ̀, fi `git clone` fa iṣẹ́ náà láti GitHub sínú fódà tuntun, kó o kó fáìlì òní síbẹ̀ láìkó `.git`. Bó ò bá tíì push, gbé ẹ̀rọ àti ẹ̀dà yẹn lọ bá ẹni tó mọ Git dáadáa. Má gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í padà.