Bí Mo Ṣe Gba Àṣẹ Ọgbà Ilé Wa ní Kent

Ìjì Eunice tó jà ní 18 oṣù kejì ọdún 2022 ló wó ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa. Nígbà tí màmá mi gbọ́ n'Íbàdàn, wọ́n ní kí n kúkú mọ ọgbà gíga yí gbogbo ilé ká kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Mo rí ohun tí wọ́n ń sọ. Kọ́nà-píìsì nilé wa, igi tútù tí kò ga ju orúnkún lọ nìkan ló sì wà láàárín àwọn ọmọ mi àti títì. Mo pinnu láti fi pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà rọ́pò rẹ̀.

Káfíńtà tí mo pè, ọmọ Abẹ́òkúta, fa tépù dé etí títì, ó sì ká a padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yẹn ò ní wàhálà. Ẹ̀gbẹ́ títì yìí, ẹ kọ́kọ́ bi káńsù."

Ó ṣe mí lóore, torí káńsù lè ní kí n wó ohun tí mo ti náwó sí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọgbà tó bá wà létí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kò gbọdọ̀ ga ju mítà 1 lọ láìgbàṣẹ. Níbòmíì, mítà 2. Ìwé ilé mìíràn tún máa ń ka ọgbà iwájú ilé léèwọ̀ pátápátá, nítorí náà mo ka tiwa tán pátá.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Pánẹ́ẹ̀lì ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ mítà 1.83. Ìyàwó mi fẹ́ ká fi pákó oníhò tí òdòdó ń fà mọ́ lé e, sẹ̀ǹtímítà 30, àmọ́ wọ́n máa ń kà á mọ́ gíga ọgbà. A fi í sílẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ni ààlà náà? Wọ́n máa ń sọ pé ọgbà apá òsì ni tonílé. Kò sófin tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ra àwòrán ilẹ̀ wa ní HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ní pọ́n-ùn 3 nígbà náà, kò sọ ẹni tó ni ín. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ta ilé ló yanjú rẹ̀: àmì T kékeré kan wà lórí ààlà, níhà tiwa, èyí tó fi hàn pé àwa la ni ín. Síbẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn bàbá òyìnbó tó múlé tì wá kí a tó fọwọ́ kan òpó kankan.

Ẹ̀gbẹ́ títì ló gba àkókò. Mo kọ̀wé béèrè àṣẹ lọ́wọ́ káńsù lórí Planning Portal, ìkànnì tí wọ́n fi ń béèrè àṣẹ ilé kíkọ́. Pọ́n-ùn 206 lowó rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gba àwòrán àdúgbò ní ìwọ̀n 1:1250, pẹ̀lú ìlà pupa yí ilẹ̀ wa ká, àti bí ọgbà náà yóò ṣe rí lójú. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ìdáhùn máa ń gbà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o ní kí n sún ọgbà sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí n gbin igi síwájú rẹ̀, kí n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí mítà 1 níbi tí mọ́tò bàbá yẹn ti ń jáde.

Inú bí mi. Mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo lóṣòó títí ojú mi fi tó ibi tí ojú awakọ̀ máa ń wà, mo ní kí ìyàwó mi gbé pánẹ́ẹ̀lì kan dúró. Àbíkẹ́yìn mi ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lórí pèpéle ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, n kò rí i, àfi ìgbà tó yọ síwájú mi gan-an.

Mo tún àwòrán náà yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àṣẹ dé, káfíńtà fi ọjọ́ méjì parí iṣẹ́. Inú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilé ni mo fi ìwé àṣẹ sí, torí lọ́yà ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè rẹ̀.