Ọ̀kadà tí yóò gun àpáta: ibi tí àwa tó ń tún un ṣe ti máa ń ṣì í

Ẹni tó bá wọ Sábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, àpáta ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ bá. Àpáta yìí náà ló ń mú kí àwọn ọmọkùnrin kan máa ti ọ̀kadà àlòkù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí n sọ ọ́ di èyí tó ń gun òkúta, irú tí wọ́n fi ń ṣe eré trials lókè òkun. Nínú eré yẹn, eré sísá kọ́ ló ń gba ẹ̀bùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ 1 sí ọ lọ́rùn; bí o bá ṣubú, 5 ni. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré jù ló borí.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè bá wa wá ẹ́ńjìnnì ńlá?" Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Sammy Miller, ògbóǹtarìgì eré yìí, gé ọ̀kadà Ariel rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 500cc, títí tó fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 110 kg. Síbẹ̀, ní 1964, ó fi í sílẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ Bultaco ní Sípéènì, wọ́n jọ ṣe ọ̀kadà Sherpa T, ẹ́ńjìnnì 244cc péré. Ní 1965, òun ló fi borí ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Scotland. Ìwúwo ni ọ̀tá yín. Ẹ tú ibi ìgbẹ́rù ẹ̀yìn kúrò, ẹ tú ìjókòó gígùn, iná tó ń ṣẹ́jú, àti irin gbọọrọ tí àwọn ọlọ́kadà ń jó mọ́ iwájú nítorí ìkọlù.

Àmọ́ bíréékì iwájú ńkọ́? Ọmọ kan tú tirẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́. Ó gun òkè náà dáadáa o. Sísọ̀kalẹ̀ ló di wàhálà.

Táyà ló kọ́ èmi gan-an lọ́gbọ́n. Mo ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kì í ju 4 tàbí 5 psi lọ, kí táyà lè rọ̀, kó di òkúta mú. Mo tú afẹ́fẹ́ ọ̀kadà mi sílẹ̀, mo sì gùn ún lọ. Níbi òkúta kẹta, mo wolẹ̀: ẹnu túùbù, ibi tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí eyín tó fẹ́ yọ. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, ó ti ya láti ìdí, fìììì! Táyà ló ń yọ̀ lórí rímù, tó sì ń wọ́ túùbù lọ. Bí táyà yín bá ní túùbù, ẹ fi irin ìdímú tó ń há táyà mọ́ rímù sí i kẹ́ ẹ tó dín afẹ́fẹ́ kù.

Ẹ má gé ọrùn férémù o. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ibi ìtẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí wẹ́dà fi irin tó nípọn há a, nítorí orí ẹ̀ ni ẹ máa dúró lé, ẹ ò ní jókòó.

Ó ku sprocket, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀. Bí iwájú bá ní eyín 14, tí ẹ̀yìn ní 42, ti iwájú á yí ní ìgbà 3 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi 11 síwájú, 52 sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbà 5. Ọ̀kadà á máa rìn bí ìgbín, á sì lágbára. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń dán an wò. Wọ́n á gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó di títì ọlọ́dà tó lọ sí Parakou, wọ́n á fún un ní iná, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi padà dé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba ọ̀kadà wa jẹ́, àwọn zémidjan, ọlọ́kadà akérò, ń kọjá wa!" Mo máa ń nawọ́ sí àpáta ni, màá sì padà sídìí iṣẹ́ mi.