Tí kọ̀ǹpútà bá dákú lẹ́nu ìdánwò: àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ ká mọ core tó ń dà á rú

Tí Prime95, sọ́fítíwíà tó ń fi ìṣirò líle dán kọ̀ǹpútà wò, bá dúró lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á wá ìdánwò mìíràn tí kò le tó o. Ìyẹn á yege, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìṣirò tí Prime95 ń gbé fún processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) nínú ìdánwò yìí, ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ìdáhùn mìíràn bá jáde, processor tàbí RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) ló sábà máa ń ṣì í, kì í ṣe sọ́fítíwíà. Kọ̀ǹpútà tó ṣi ìṣirò yìí lè ba fáìlì yín jẹ́ láìsọ fún yín.

Mo ní kọ̀ǹpútà kan tí processor rẹ̀ ní core 8, ìyẹn ẹ̀yà mẹ́jọ tó ń dá ṣe ìṣirò. Mo gbé ìdánwò sí i lálẹ́, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, fáànù ṣì ń hó, ojú kọ̀ǹpútà ń yí, díẹ̀ ló kù kí n gbà pé ó yege. Ìgbà tí mo wá ń wo fèrèsé àwọn Worker (ìpín iṣẹ́ mẹ́jọ tí Prime95 ń ṣe pọ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo rí i pé Worker 5 ti dúró láti bí ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Rounding was 0.5, expected less than 0.4". Àwọn méje yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tí kò bá ka àwọn fèrèsé náà tán á sọ pé kọ̀ǹpútà òun dáa.

Ẹ má sì tètè gbà pé Worker 5 ni core 5. Windows lè máa gbé iṣẹ́ káàkiri tí a kò bá so ó mọ́ ojú kan. Tí kọ̀ǹpútà bá tún ara rẹ̀ tàn, ẹ ṣí Event Viewer (ìwé àkọsílẹ̀ Windows), kí ẹ wá WHEA-Logger, tó ń kọ àṣìṣe ara kọ̀ǹpútà sílẹ̀. APIC ID tó wà níbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà thread (ọ̀nà iṣẹ́ inú core), ló ń júwe ibi tí àṣìṣe ti wá. Lórí processor tí core kọ̀ọ̀kan ní thread 2, ID 8 àti 9 sábà máa ń jẹ́ core kan náà: core 4, tí a bá ka láti 0.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ń fi gbogbo core ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí 12, tó wá ń yọ̀. Nígbà tí gbogbo core bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, iná tí processor lè gbà àti ooru rẹ̀ ló ń dín eré wọn kù. Àfi nígbà tí core kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ ló tó ń sá eré tó ga jù, ibẹ̀ gan-an sì ni fóltéèjì tí a ti dín kù kì í ti í tó o. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó la òru já lábẹ́ Prime95 fi ń dákú nígbà tí ẹ kàn ṣí ìwé kan láti kà. Ẹni tó fi Curve Optimizer (ètò AMD tí a fi ń dín fóltéèjì core kù) sí -30 fún gbogbo core lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi CoreCycler, tó ń dán core wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, yẹ̀ wọ́n wò. Core tó yára jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́.

Ẹ má yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀. Ẹ dá BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń tan kọ̀ǹpútà) padà sí bó ṣe wà látilẹ̀, kí ẹ pa XMP tàbí EXPO, nítorí àwọn náà ń lé RAM ní eré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá yege báyìí, ẹ máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn ìdánwò Prime95, Small FFTs kì í fi bẹ́ẹ̀ kan RAM. Inú cache, ìrántí kékeré tó wà nínú processor, ló ń gbé. Bó bá yege níbẹ̀, tó kùnà ní Blend, ìdánwò tó ń lo RAM púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí RAM, kí ẹ fi MemTest86, sọ́fítíwíà tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ooru, processor òde òní máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ tó bá sún mọ́ 95 sí 100 ní ìwọ̀n Celsius. Ẹni tí tirẹ̀ ń dákú ní 70, tó wá ń ra fáànù tuntun, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ ẹni tó ṣe processor ni àléébù ti wá. Ní 2016, Intel gbà pé processor rẹ̀ tó ń jẹ́ Skylake lè dì gbagidi lẹ́nu ìṣirò Prime95 kan, BIOS tuntun ló sì tún un ṣe. Ní 2024, àléébù ti processor Intel Core ìran 13 àti 14 fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé. Microcode 0x129, àtúnṣe tí BIOS ń gbé fún processor, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ṣùgbọ́n kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Nítorí náà, ẹ fi BIOS tuntun sí i ná. Bó bá tún kùnà, tí RAM yege, tí ẹ kò yí ohunkóhun padà, ẹ dá processor náà padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ kọ nọ́ńbà core, irú ìdánwò àti ìṣẹ́jú tó fi dúró mọ́ ọn.