Bí A Ṣe Ń Fi Wọ́tàkálà Ya Òkè àti Ìlú Lójú Gbangba

Ẹni tó ń gbé Èkìtì kò lè ní òun ò rí ohun tí òun máa yà. Bí ẹ bá ti Adó bọ́ sí Ìkéré, òkè Ọlọ́sunta ti dúró gàgàrà níwájú yín. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ kì í ṣe àìmọ àwòrán yà. Omi ni a fi ń po wọ́tàkálà, wọn kì í sì í jẹ́ kí omi yẹn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí omi yẹn ni màá ti pẹ́ jù. Ìyókù, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ṣe ń ṣe é.

Bébà ni kí ẹ náwó lé. Èyí tí wọ́n kọ 300 gsm sí lára (bí bébà ṣe wúwo tó nìyẹn) ni kí ẹ rà. Bébà fọ́tòkọ́pì jẹ́ 80 gsm, kíkákò ló máa ń ká kò bí omi bá ti kàn án. Bí owó ò bá tíì jọ, ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù funfun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ó lè gba omi lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á bó. Ẹ fi téèpù oníbébà tí àwọn apọ̀dà ń lò lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó fẹ́lẹ́ kan.

Ọ̀dà mẹ́ta ti tó: ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀), burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n), yellow ochre (yẹ́lò tó jọ amọ̀). Ẹ má lo poster colour, ó ki jù, kì í jẹ́ kí funfun bébà hàn lábẹ́ rẹ̀, funfun yẹn sì ni ìmọ́lẹ̀ tí a ní. Búrọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó nọ́ńbà 12 kan, àti pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń kun ilé fún sánmà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín sílẹ̀ nílé; bí ẹ bá mú un dání, ewé ni ẹ ó máa yà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Àwo tánganran funfun ni mo fi ń po ọ̀dà, ó sàn ju ike tí wọ́n ń tà fún un lọ. Ẹ gé orí ike omi méjì, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún omi mímọ́. Ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání fún àkísà. Tíṣù á ṣáà máa já sórí iṣẹ́ ni.

Ìkọ́gòsì ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sá lọ, nítorí omi gbígbóná àti omi tútù tó pàdé níbẹ̀. Kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Igi ló bo orí yín, ewé ló yí yín ká, kò sí ọ̀kánkán. Ẹ wá ibi tí nǹkan tó sún mọ́ àti èyí tó jìnnà wà pọ̀: etí títì ní Ìkéré, ní ìkọjú sí òkè Orólè tàbí Ọlọ́sunta, tàbí ibi gíga kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ẹ ti lè rí orí páànù nísàlẹ̀. Òkè táwọn èèyàn ń bọ ni Ọlọ́sunta, ẹ má kàn gùn ún láìbéèrè. Ẹ kí ẹni tí ẹ bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọdé á pé lé yín lórí. Ẹ fún wọn ní kádíbọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́.

Ẹ lọ láàárọ̀ tàbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, torí ní ọ̀sán gangan, òjìji ò sí. Abẹ́ ibòòji ni kí bébà wà. Bí oòrùn bá ń tàn lé e, ojú yín á ṣú, ẹ ò ní mọ bí ọ̀dà ṣe dúdú tó. Bí ẹ bá lo agboòrùn, kó jẹ́ dúdú, torí èyí tó pupa á ta àwọ̀ sí bébà. Ẹ má sì jẹ iyán kí ẹ tó jókòó, oorun ló máa gbé yín lọ.

Ẹ dijú díẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa mẹ́ta péré: sánmà, òkè, ilé. Kò sí fèrèsé, kò sí wáyà iná.

Ẹ po ọ̀dà sánmà sílẹ̀ kó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, kó sì dúdú díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́, torí ó máa ń ṣá tó bá gbẹ. Ẹ fi òkúta kékeré ti orí pákó sókè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rin gbingbin fà á láti òsì dé ọ̀tún. Omi á jókòó sí ìsàlẹ̀ ìlà yẹn. Ìlà kejì ni kí ẹ fi gbé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí òkè. Ẹ fún búrọ́ọ̀ṣì gbẹ, kí ẹ fi fa èyí tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ mu. Ó tán. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣubú. Ẹni náà á wo sánmà rẹ̀, á rí i pé apá kan fẹ́ẹ́rẹ́ ju ìkejì lọ, á ní kóun kàn tún un ṣe díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló ń bà á jẹ́. Nígbà tí bébà bá ṣì ń dán yinrin, omi ṣì ń rìn lórí rẹ̀, ẹ ṣì lè kán ọ̀dà sí i, á tàn fúnra rẹ̀. Ìgbà tí dídán yẹn bá ń kú lọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Omi ti ń wọnú bébà. Bí búrọ́ọ̀ṣì olómi bá kàn án, omi tuntun á ti ọ̀dà àkọ́kọ́ sẹ́yìn, á sì fi àbàwọ́n ẹlẹ́tí dúdú sílẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá jò sí sílìn. Ẹ ò lè nù ún kúrò. Bí ẹ bá sì ń fi ọ̀dà bò ó, ẹrẹ̀ ni ẹ ń po.

Òfin tèmi rèé: bí bébà bá ṣì tutù, búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ gbẹ jù ú lọ. Ọwọ́ òsì ni àkísà mi máa ń wà, mi ò kì í fi sínú àpò, gbogbo ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá sì kúrò nínú omi, ó gbọ́dọ̀ kan àkísà kó tó kan bébà. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ kò sí, lẹ́bàá rẹ̀. Bó bá tutù, ẹ dúró. Èmi a máa dìde lọ ra gúgúrú, torí ẹni tó bá jókòó ti bébà tútù, ọwọ́ á máa yún un. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ rárá. Nígbà òjò, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àmọ́ kó jẹ́ pé omi orí rẹ̀ ti wọlé tán.

Ìyókù ò le. Ultramarine àti burnt sienna pọ̀ ni àwọ̀ àpáta: sienna pọ̀ jù níbi tí oòrùn wà, búlúù pọ̀ jù níbi òjìji. Ọyẹ́ a máa jẹ́ kí òkè tó jìnnà ṣá, omi ni kí ẹ bù sí i, ẹ má fi ọ̀dà funfun kàn án. Ẹ fi ultramarine àti ochre ṣe àwọ̀ ewé, kí sienna tó bíńtín wọ̀ ọ́. Páànù tó ti dípẹtà, sienna nìkan, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Páànù tuntun, ẹ fi bébà sílẹ̀ ní funfun. Ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ, ẹ̀kán méjì ni. Ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹ máa fi kún un, ẹ ṣan búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má ṣí téèpù títí gbogbo rẹ̀ ó fi gbẹ, kí ẹ sì máa fà á síta, kó má gba orí iṣẹ́ kọjá. Bí bébà bá wọ́, ẹ fi kànrìnkàn tó tutù díẹ̀ nu ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi bébà mímọ́ bò ó lójú, kí ẹ tẹ ìwé ńlá mélòó kan lé e títí di ọjọ́ kejì.