Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Páńpásì Á Gbé Ọmọ Dé Àárọ̀

Tẹ́ ẹ bá ti ra páńpásì ní Ìdúmọ̀tà rí, ẹ mọ eré yẹn: ìyá ọlọ́jà á já pure water, á dà á sórí ẹyọ kan, omi á wọlé wọ́ọ́, á ní "ẹ fọwọ́ kàn án, ṣé ẹ rí i pó gbẹ?" Èmi náà gbà, mo gbé odidi báàlì, lóru ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀dì wa rin gbindin.

Ìyá ò parọ́ o, omi lásán ni ò jọ ìtọ̀. Nínú páńpásì, nǹkan kan wà bí ṣúgà wẹ́wẹ́, sodium polyacrylate lorúkọ ẹ̀, òun ló ń mu omi tó sì ń di jẹ́lì. Ó lè mu omi mímọ́ tó ìlọ́po 300 ìwọ̀n ara ẹ̀, àmọ́ tí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, bí ìlọ́po 30 sí 50 ló kù. Ìtọ̀ sì níyọ̀.

Torí náà, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan, kó má kún tán, sínú pure water 50cl kan, kẹ́ ẹ rò ó. Ẹ tẹ́ páńpásì sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ fi ìgò mílíìkì ọmọ wọn 60ml, ẹ dà á síbi tí ìtọ̀ ń bọ́ sí, kí fóònù máa ka àsìkò títí ojú ẹ̀ ò fi ní dán mọ́. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ tún dà á, ẹ tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò, torí jẹ́lì tó ti wú á máa dí ọ̀nà fún omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ọmọ kì í ṣáà léfòó, ó ń jókòó lé e ni. Ẹ fi òṣùwọ̀n àwọn oníkéèkì wọn tíṣù gbígbẹ bíi 10, ẹ tò ó lé ibi tó tutù, ẹ gbé pure water méjì lé e, ìyẹn bíi kílò kan, fún ìṣẹ́jú 2, kẹ́ ẹ wá tún tíṣù wọ̀n. Gíráàmù tó lé, ìdí ọmọ ló ń lọ. Tíṣù ti báàlì tèmi ń ro tótó!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ohun tó lè gbà, ẹ wọn òmíràn ní gbígbẹ, ẹ rì í sómi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un wọ̀n kẹ́ ẹ yọ ti gbígbẹ kúrò, gíráàmù kan jẹ́ 1ml. Èmi ò kì í gbára lé nọ́ńbà yìí púpọ̀ ṣá, iwájú lọmọ ń tọ̀ sí, ẹ̀yìn lè gbẹ kanko.

Ẹ má wá fọ jẹ́lì yẹn dànù sí síǹkì o, páìpù á dí, ẹ dì í sí láílọ́ọ̀nù.